Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ìtìjú Gba Káàdì Lọ́wọ́ Yín

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn olùfẹ̀yìntì nílùú Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè máa fi káàdì ATM ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kí owó wa má baà bá ibẹ̀ lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti wà nídìí káàdì ní báǹkì mọ̀ pé kò lè tó mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá dúró lórí ìlà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Bódìjà tàbí Ring Road lọ́sàn-án Sátidé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan níwájú: "Ọmọ mi, mi ò mú awò ojú mi dání, bá mi tẹ̀ ẹ́. One-nine-five-two." Kaṣíà á tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó ń di ẹrù sínú ọ̀rá ti gbọ́, ọkùnrin tó gbé kíréètì ẹyin dání lẹ́yìn ti gbọ́, obìnrin tó ń wo fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà ti gbọ́. Tí káàdì yẹn bá lọ bọ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá he é kò nílò ọgbọ́n yàhúù kankan.

Kí ló ń jẹ́ kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀? Awò ojú nìkan kọ́. Ìtìjú wà níbẹ̀. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé a kì í fi ojú olè wo ọmọ ọlọ́mọ. Kí èèyàn wá fi ọwọ́ bo ohun tó ń tẹ̀ lójú ọmọ tó ń pè é ní Mọ́mì, ó máa ń dà bíi pé ó ń bú ọmọ náà ni. Ọmọ ilé epo na ọwọ́ gba káàdì, ara ń ti èèyàn láti ní kò lè gbà á. Àwọn tó wà lẹ́yìn lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé, a sáré tẹ PIN láì wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn káàdì. Oníbàárà á wọlé, á ní ẹ̀rọ ló jẹ owó òun. Tí a bá fi sùúrù bi í léèrè dé ìdí, ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń já sí jù ni pé ẹnì kan mọ PIN rẹ̀, tàbí káàdì ti fìgbà kan kúrò lójú rẹ̀. Àwọn tó ń já wọ inú ẹ̀rọ báǹkì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ nínú fáìlì mi.

Ẹ̀rọ náà le ju bí a ṣe rò ó lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn káàdì yín, ẹ ó rí ìlà dúdú gbọọrọ kan níbẹ̀. Forrest Parry, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa ń dárúkọ tí a bá ń sọ ìtàn ìlà yìí. Láwọn ọdún 1960, ó ń wá bí ó ṣe máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike, gọ́ọ̀mù kò gbà fún un, àfi ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ní kó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ó sì lẹ̀. Àléébù ìlà dúdú yìí ni pé ohun kan náà ló ń sọ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kékeré tó ń kà á lọ́wọ́ lè dà á kọ kí ẹ tó ṣẹ́jú, kó sì lọ fi ṣe káàdì míì. Irin kékeré aláwọ̀ góòlù tó wà níwájú káàdì, tí wọ́n ń pè ní chip, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ POS á pa àlọ́ fún un, chip á já a. Tí ẹ bá padà lọ lọ́la, àlọ́ míì ni wọ́n máa pa. Ẹni tó bá jí ìdáhùn ti òní gbọ́ kò rí nǹkan kan fi ṣe lọ́la.

Ní nǹkan bí ọdún 2010 ni CBN, báǹkì àpapọ̀ wa, mú kí àwọn báǹkì Nàìjíríà kó wa kúrò lórí ìlà dúdú sórí chip. Mastercard ti kéde pé tó bá fi máa di 2033, kò ní sí ìlà dúdú lára káàdì àwọn mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ó ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ẹ mú dání. Tí kaṣíà bá fẹ́ fa káàdì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹ ní kó kì í bọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ń ki chip sí. Tí ó bá ní chip yín kò ṣiṣẹ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kó tún gbìyànjú. Tí kò bá tún ka káàdì, ẹ san owó lọ́nà míì, kí ẹ sì lọ gba káàdì tuntun ní báǹkì.

PIN ńkọ́? John Shepherd-Barron, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ìsanwó tí Barclays gbé kalẹ̀ ní Enfield, lápá àríwá London, lọ́dún 1967, sọ pé nọ́ńbà mẹ́fà lòun kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Caroline, ìyàwó rẹ̀, ló ní mẹ́rin lòun lè rántí. (Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti rí i pé méjì rèé lónìí.) Nọ́ńbà mẹ́rin fún wa ní 10,000 oríṣi, àti pé tí wọ́n bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, báǹkì á ti káàdì pa. Nítorí náà, àjèjì tó kàn ń méfò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló ní nínú 10,000. Ó ṣòro fún un. Ẹni tó mọ̀ yín ni kò ṣòro fún. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń lo ọdún tí wọ́n bí yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ ọ́n. Pọ́ọ̀sì tí káàdì wà nínú rẹ̀ gan-an ni káàdì NIN yín wà, ọjọ́ ìbí yín sì wà lára ìyẹn. Olè tó gbé pọ́ọ̀sì ti rí ìbéèrè àti ìdáhùn nínú àpò kan náà. Ẹ yí i padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀rọ ATM báǹkì yín ló máa bá yín ṣe é.

Ní ti ojú tí kò ríran dáadáa mọ́, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Lára POS tó ní bọ́tìnnì, ẹ fi ìka wá nọ́ńbà 5, ẹ ó rí i pé nǹkan kékeré kan yọ sókè lára rẹ̀. Àwọn tí kò ríran ni wọ́n ṣe é fún. Tí ìka yín bá ti wà lórí 5, 2 ló wà lókè rẹ̀, 8 wà nísàlẹ̀, 4 wà lọ́wọ́ òsì, 6 wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ni ẹ ó tẹ̀ tí ẹ bá parí, pupa ni ti kí ẹ fagi lé e. Ẹ lọ fi dánra wò. Àwọn POS tuntun tó dà bíi fóònù, tí ojú wọn ń dán gbinrin, kò ní bọ́tìnnì, nítorí náà ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ àtijọ́ nílẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní in. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi bo ọwọ́ ọ̀tún tó ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa fúnra rẹ̀ máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí oníbàárà bá ń tẹ PIN. Ẹ kíyè sí wọn, ẹ ó rí i. Kò ní bínú sí yín.

Ilé epo ló kàn. Ẹ jókòó sínú mọ́tò, ẹ gba ojú fèrèsé na káàdì jáde, ọmọ ilé epo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbí, ó gbà á, ó lọ sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Bákan náà ni ní ilé oúnjẹ, níbi tí agbáwo ti ń gba káàdì lọ sí kọ̀rọ̀ kan. Tí káàdì bá máa lọ sí ibì kan, ẹ bá a lọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti mọ́tò, ẹ tẹ̀ lé e. Nǹkan méjì ló lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì. Èkíní, ẹnì kan lè fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn káàdì. Nọ́ńbà gígùn tó wà níwájú, ọjọ́ tí káàdì máa kú, àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn wọ̀nyí nìkan tó fún àwọn ibi ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti yọ owó, láìbéèrè PIN. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń há nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn yẹn sórí, tí wọ́n á lẹ bébà mọ́ ọn. Èmi fara mọ́ ọn. Èkejì ni pípààrọ̀. Káàdì báǹkì kan náà, àwọ̀ kan náà, wọ́n á fún yín ní ti ẹlòmíì tó ti kú, tiyín á sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ti wo PIN yín tẹ́lẹ̀ ló máa ń ṣe èyí, ó sì pọ̀ nídìí ẹ̀rọ ATM àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi POS ṣòwò lẹ́bàá títì. Ẹ ka orúkọ tó wà lára káàdì kí ẹ tó fi sí pọ́ọ̀sì. Tí kò bá sí orúkọ níbẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn, kí ẹ ti mọ̀ ọ́n sórí.

Kí ẹ tó tẹ PIN, ẹ wo iye owó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè nígbà gbogbo. Lórí ọ̀pọ̀ POS, kọ́bọ̀ ni nọ́ńbà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Kaṣíà tó bá tẹ 4500 á rí 45 náírà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fi òdo méjì kún un. Ọmọ tó ti dúró láti àárọ̀ lè fi òdo mẹ́ta kún un, kí 4,500 wá di 45,000. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ PIN sí i lórí, ó túmọ̀ sí pé ẹ ti gbà. Ó ṣeé gbà padà, ṣùgbọ́n ẹ ó rìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn pòṣé.

Ẹ fún mi láyè kí n pẹ́ díẹ̀ lórí èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ tẹ PIN, ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí, ó kọ "Declined". Fóònù yín dún: wọ́n ti yọ 18,500 náírà. Kaṣíà ní òun ò rówó. Ẹ̀yin ní owó ti lọ. Ohùn ròkè, máníjà jáde. Ta ló ń purọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí òpùrọ́ níbẹ̀. Láti orí POS, ìbéèrè náà á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ, á gba ọwọ́ àwọn alágbàsọ bíi NIBSS tàbí Interswitch, kó tó dé báǹkì tiyín. Báǹkì yín á yọ owó, á dáhùn pé ó ti dáa, ìdáhùn á sì gba ojú ọ̀nà kan náà padà. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí ìdáhùn ń bọ̀, báǹkì ti yọ owó ní tirẹ̀, POS kò sì gbọ́. Owó yẹn kò sí lọ́wọ́ yín, kò sí lọ́wọ́ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, àárín ló há sí. Ó yẹ kí ẹ̀rọ tún ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá a padà. Nígbà míì, iṣẹ́ yẹn náà kì í dé.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ má tún káàdì náà kì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gba ìwé pélébé tí POS tẹ̀, àní èyí tó kọ "Declined" gan-an ni mo ń wí. Tí wọ́n bá ní bébà ti tán, ẹ ní kí wọ́n fi òmíràn sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè tún èyí tó ṣe gbẹ̀yìn tẹ̀ jáde. Ẹ wá wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn. 00 ni pé owó ti kọjá. Tí kaṣíà bá ní kò kọjá nígbà tí 00 wà níbẹ̀, òun àti báǹkì tirẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. 51 ni pé owó tó wà nílẹ̀ kò tó. 55 ni pé ẹ ṣi PIN tẹ̀. 54 ni pé ọjọ́ káàdì ti pé. 91 ni ẹ máa ṣọ́ra fún jù: wọn kò rí báǹkì yín bá sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni owó ti ń há. Ẹ tún wá ibi tí wọ́n kọ RRN sí, nọ́ńbà méjìlá ló tẹ̀ lé e. Òun ni báǹkì máa fi tọpa owó náà. Ẹ fi fóònù ya ìwé yẹn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí ooru ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà POS, kì í pẹ́ ṣá tí oòrùn bá ti pa á. Àìmọye ìwé funfun báláú ni wọ́n ti gbé wá bá mi pé ẹ̀rí rèé.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni CBN ti pàṣẹ pé wákàtí 72 ni báǹkì ní láti yanjú owó POS tó há. Ọjọ́ márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá lọ bá wọn, ẹ mẹ́nu kan wákàtí 72 yẹn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn káńtà á jókòó dáadáa.

Káàdì tí wọ́n kàn ń fi kan ẹ̀rọ, tí kò béèrè PIN, ti ń dé díẹ̀díẹ̀. Ní 2023, CBN fi òté sí i: 15,000 náírà lẹ́ẹ̀kan, 50,000 lápapọ̀ lójúmọ́. Ó dára, kò sí ẹni tó máa wo PIN yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá sọnù, ẹni tó he é lè ná 50,000 yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èyí mú mi dé orí owó ìfẹ̀yìntì. Èrò tèmi, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní báǹkì kan kò fara mọ́, ni pé kò yẹ kí káàdì wà lórí àkáǹtì tí owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé sí. Ẹ ṣí àkáǹtì kejì, kékeré, kí káàdì wà lórí ìyẹn, kí ẹ máa sọ owó ọ̀sẹ̀ kan sínú rẹ̀. Owó tí ẹ bá fi káàdì yìí san, owó yín gan-an ló ń jáde lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe gbèsè tí ẹ ó lọ jiyàn lé lórí tó bá yá. Ohun tí kò sí nínú àkáǹtì, ẹnikẹ́ni kò lè yọ ọ́. Kí àlẹ́ẹ̀tì sì máa wọ fóònù tiyín, kì í ṣe ti ọmọ yín tó wà l'Ékòó.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n fi í há àárín: ṣọ́ọ̀bù tó ń ní kí ẹ fi 100 náírà kún un torí pé káàdì lẹ fẹ́ lò. Owó iṣẹ́ POS, ìdajì nínú ìdá ọgọ́rùn-ún tí kò gbọ́dọ̀ ju 1,000 náírà lọ, ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ló ni í. Wọ́n kò gbọ́dọ̀ dì í lé oníbàárà lórí.

Tí káàdì bá sọnù, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọ̀pọ̀ báǹkì ní kóòdù tí ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù èyíkéyìí, títí kan ti aládùúgbò, láti ti káàdì tàbí àkáǹtì pa. Ẹ gba ti báǹkì yín lọ́la, ẹ kọ ọ́ sára ògiri yàrá. Kò sí àṣírí nínú rẹ̀, ẹ lè kọ ọ́ gàdàgbà.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, wọ́n bi mí ní ìbéèrè. Ìyá kan ní ọmọ-ọmọ òun ló máa ń bá òun lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, ṣé kí òun má fún un ní káàdì mọ́ ni? Mo ní kí wọ́n fún un ní owó, tàbí kí wọ́n jókòó sílé kí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé epo. Kì í ṣe torí pé ọmọ náà jẹ́ olè. Tí ọmọ bá tẹ PIN fún ẹ̀gbọ́n ilé epo lẹ́ẹ̀kan, ẹni méjì ti mọ̀ ọ́n, tí owó bá sì dín, orí ọmọ yẹn ni gbogbo ilé máa dì í lé.

Bàbá kan tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Houston béèrè bóyá ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ó yàtọ̀ níbi tó bá ti kan báǹkì ti ọ̀hún. Lábẹ́ òfin wọn, tí wọ́n bá jí káàdì debit yín, irú èyí tó ń yọ owó inú àkáǹtì yín gan-an, tí ẹ sì tètè sọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì tí ẹ mọ̀, ohun tí ẹ máa pàdánù kò ní ju 50 dọ́là lọ. Tí ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó lè di 500. Tí ẹ kò bá sọ títí ọgọ́ta ọjọ́ fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì ránṣẹ́, ohun tí wọ́n bá jí lẹ́yìn ìyẹn lè bá yín lọ pátápátá. Káàdì tí ẹ bá gbé láti Nàìjíríà kò sí lábẹ́ òfin yẹn, báǹkì ilé lẹ máa pè.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ní wákàtí 72 ti kọjá lórí owó òun, ó ti di ọ̀sẹ̀ kejì, báǹkì kàn ń ní "ẹ ṣe sùúrù" ni. Mo ní kó kọ lẹ́tà, kó fi RRN, ọjọ́, iye owó àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù sínú rẹ̀, kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ báǹkì. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lórí lẹ́tà yẹn láìsí ojútùú, kó gbé ẹ̀dà rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN. Ó ní òun kò rí ìwé POS mọ́. Mo ní kó padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀dà méjì ni POS sábà máa ń tẹ̀, tiwọn sì wà lọ́dọ̀ wọn.